Pósítà fíìmù: èwo ni ojúlówó, èwo ni ẹ̀dà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó dúró níwájú àtẹ ẹnì kan tó ń ta ẹrù àtijọ́, pósítà Star Wars ti 1977 sì wà níbẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lójú. Ọlọ́jà ní ojúlówó ni, 400 dọ́là sì ni iye rẹ̀. Àbúrò mi mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá pósítà fíìmù ṣeré, ló bá da ìbéèrè bò mí. Ọ̀rọ̀ náà gbà wá tó ọjọ́ mẹ́ta. Bí a ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rú lójú.

Ẹ̀gbọ́n, kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ojúlówó? Ṣebí ẹ̀rọ ló tẹ gbogbo wọn?

Ẹ̀rọ ló tẹ gbogbo wọn lóòótọ́. Àwòrán tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn, ìyẹn ọ̀tọ̀, ẹyọ kan ni, o ò sì ní bá a pàdé lórí àtẹ. Ohun tí àwa tó ń kó pósítà jọ ń pè ní ojúlówó ni èyí tí àwọn tó ni fíìmù tẹ̀ nígbà tí fíìmù náà ń jáde, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé sinimá pé kó bá wọn pe èrò wá. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Èyí tí ẹlòmíràn tẹ̀ lẹ́yìn náà kí olólùfẹ́ fíìmù lè rà á kọ́ sí yàrá, ẹnikẹ́ni ò rán an níbì kankan. Àwòrán kan náà lè wà lára àwọn méjèèjì, àwọ̀ ẹ̀dà tiẹ̀ lè mọ́lẹ̀ jù, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo máa ní kí o wò, ẹ̀rí pé ó jẹ́ iṣẹ́ náà ni mò ń wá lára rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ níbi tí mo dúró sí yìí?

Wá téèpù, kí o wọ̀n ọ́n. Pósítà ilé sinimá ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní one-sheet, 27 íǹṣì ní ìbú àti 41 ní òòró ni. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980 ni òòró rẹ̀ ti di 40. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fún yàrá àwọn ọmọ, 24 íǹṣì ní ìbú sí 36 ní òòró ló sábà máa ń jẹ́.

Àbúrò mi ní kí n dúró lórí fóònù. Ó yá téèpù lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. 24 sí 36. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó dun èmi náà, torí mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé nínú ọkàn rẹ̀ ó ti gbé e kọ́ sí pálọ̀ tán.

Ṣùgbọ́n mọ èyí: àwọn kan ń tẹ ẹ̀dà tó jẹ́ 27 sí 41 géérégé. Ìwọ̀n lè lé pósítà jáde, kò lè dá gbà á wọlé.

Ọlọ́jà ní kò sí ojú ìṣẹ́po kankan lára rẹ̀, pé ìyẹn ló jẹ́ kó níye lórí. Ṣé irọ́ ló pa ni?

Kò dìgbà tó bá fẹ́ pa irọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bí bébà bá ti mọ́ tó ló ṣe jẹ́ ojúlówó tó. Fún pósítà ayé ìgbà yẹn, ojú ìṣẹ́po ni ó yẹ kó fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀.

Wò ó báyìí. Ilé-iṣẹ́ kan wà nígbà yẹn tí wọ́n ń pè ní National Screen Service, 1920 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti nǹkan bí 1940, òun ló ń pín pósítà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá Amẹ́ríkà. Wọ́n ní láti fi ránṣẹ́ sí ilé sinimá ní ìlú ńlá àti ní abúlé, bébà tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́rin ò sì lè wọ àpòòwé àfi tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ po bí aṣọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 nìyẹn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí ẹní sínú páálí gbọọrọ. Tí o bá tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀, wàá rí ìlà mẹ́ta tó gba ìbú kọjá àti ọ̀kan tó gba àárín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pín in sí ojú mẹ́jọ. Níbi tí àwọn ìlà náà ti pàdé, tàdáwà máa ń bó díẹ̀, funfun bébà á yọjú bí ewú. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Bí wọ́n ṣe ń wo àbàjà lójú èèyàn láyé ìjọ́sí tí wọ́n á mọ ibi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wo ìlà yẹn.

Àwọn kan wà tí wọn ò ṣẹ́ po rí lóòótọ́, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí wọn ló mú un lọ sílé kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn apínpósítà. Wọ́n wọ́n gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ra jù tí ẹni tí n kò mọ̀ rí bá ní òun ní ọ̀kan.

Nọ́ńbà kan tún wà ní ìsàlẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ilé-iṣẹ́ kan náà ló fi síbẹ̀, nínú etí funfun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Ti Star Wars ni 77/21: 77 ni ọdún, 21 sì ni nọ́ńbà tí wọ́n fún fíìmù náà lọ́dún yẹn. Tí lẹ́tà R bá ṣíwájú, bíi R54, ó túmọ̀ sí pé fíìmù náà ti jáde tẹ́lẹ̀, wọ́n wá tún gbé e padà sí ilé sinimá ní 1954. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gone with the Wind nìyẹn. 1939 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì gbé e padà ní 1947, ní 1954, ní 1961. Pósítà R54 náà jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ojúlówó ni, àmọ́ ìrìn-àjò 1954 ló lọ. Ẹni tó bá pè é ní ti 1939 fún ọ ti ń rẹ́ ọ jẹ.

Kọ̀rọ̀ kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn tí mi ò kì í fojú fò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé ohun ìní National Screen Service ni pósítà yìí, kí ilé sinimá sì dá a padà kíákíá tí wọ́n bá ti fi fíìmù náà hàn tán. Fi í sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ṣebí ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀?

Kò tiẹ̀ nílò kó kọ ọ́. Fọ́tò pósítà gidi ló máa yà, nọ́ńbà á sì bá a wá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ra dígí kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há mọ́ ojú, kì í wọ́n. Gbé e lé lẹ́tà tó kéré jù ní ìsàlẹ̀ pósítà. Lára ojúlówó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lẹ́yìn ogun Hitler, lẹ́tà náà dúdú látòkè délẹ̀, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Gbé dígí náà lọ sí ojú òṣèré: wàá rí tó-tò-tó pupa, búlúù, yẹ́lò àti dúdú tí wọ́n tò mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Fún ẹni tó ya fọ́tò, ẹ̀rọ rẹ̀ ò mọ̀ pé lẹ́tà yàtọ̀ sí ojú èèyàn. Gbogbo rẹ̀ ló fọ́ sí tó-tò-tó, lẹ́tà náà á wá dà bí ẹni pé wọ́n fi iyanrìn kọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo jókòó tì í fún ìdajì wákàtí.

Fún pósítà àwọn ọdún 1990 wá síbí, yí i padà kí o wo ẹ̀yìn. Wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ wọn ní ojú méjèèjì, àwòrán ẹ̀yìn á yí padà bí ti inú dígí, torí inú àpótí tó ní iná lẹ́yìn ni ilé sinimá ń gbé e sí.

Kí ló dé tí bébà fi ń tó owó ilé?

Torí kò sí ẹni tó fẹ́ kó pẹ́. Rántí ọ̀rọ̀ wínníwínní yẹn: wọ́n ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n á lò ó ní ilé sinimá kejì, ìkẹta, títí á fi ya, wọ́n á sì dà á nù. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n ń kó bébà àlòkù jọ ní Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ ogun, pósítà bá a lọ. Èyí tó kù, àṣìṣe àti orí-ire ló pa á mọ́.

Ti Metropolis ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, fíìmù tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì, tó jáde ní 1927. Heinz Schulz-Neudamm ló ya pósítà ńlá rẹ̀. Mẹ́rin péré ni a mọ̀ pé ó kù nínú rẹ̀, ọ̀kan wà ní Museum of Modern Art ní New York. Ní 2005, wọ́n ta ọ̀kan ní 690,000 dọ́là. Ní 2017, pósítà Dracula ti 1931 lọ ní 525,800 dọ́là nígbà tí Heritage, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà ní gbàǹjo, tà á. Èyí tó wù mí jù ni ti Pennsylvania: 33 pósítà ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí odindi páálí kan, tí wọ́n bá ní àjà ilé. Wọ́n fara balẹ̀ ṣí wọn kúrò lára ara wọn, wọ́n sì ta wọ́n ní 2012 ní owó tó lé ní 500,000 dọ́là.

Má jẹ́ kí iye yẹn kó sí ọ lórí o. Púpọ̀ jù lọ nínú ojúlówó pósítà, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni, òmíràn ò tó bẹ́ẹ̀.

Tiwa ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Tiwa ń dùn mí. Àwọn eléré tíátà alárìnkiri wa, pósítà ló máa ń ṣáájú wọn wọ ìlú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù, bí Ajani Ogun ní 1976 àti Aiyé tí Hubert Ògúndé ṣe ní 1979, bákan náà ni. Sítáàṣì gbígbóná ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tí wọ́n bá sì fi sítáàṣì lẹ̀ mọ́ ògiri, ìkankan ò lè já a láìya. Tí òjò ò bá tíì nà án, ẹgbẹ́ mìíràn á wá lẹ tiwọn lé e lórí. Èyí tó ṣẹ́ kù sílé, a fi wé ìwé àwọn ọmọléèwé, bí a ṣe ń fi kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá wé e. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀kan nínú àpótí ìyá rẹ̀, tí kò tíì kan ògiri rí, kó jọ̀ọ́ kó má wé ìwé.

Ní Ghana, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn tiwọn ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, lórí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú, tí wọ́n rán pọ̀. Wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú fídíò àti jẹnẹrétọ̀, ó di abúlé kejì. Ẹyọ kan ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Lónìí, wọ́n ń kùn tuntun fún òyìnbó tó fẹ́ rà, nítorí náà ìbéèrè kan náà ni mo máa bi ọ́: ṣé èyí bá ọkọ̀ lọ rí? Wo ibi tí okùn ti ha á, wo ibi tí eruku ti wọnú ìṣẹ́po.

Mo padà lọ, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ra òmíràn. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Nínú páálí tó wà lábẹ́ tábìlì ọlọ́jà kan náà ló ti rí i: pósítà fíìmù kọ́bọ́ì kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 58. 15 dọ́là. Ó fi fóònù ya àwọn lẹ́tà náà láti abẹ́ dígí ránṣẹ́ sí mi. Dúdú, etí wọn mú.

Má gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe láminéètì. Ohun tó bá ti wọ inú ọ̀rá gbígbóná yẹn kì í jáde mọ́. Má fi sẹ́lótéèpù di ibi tó ya, yóò pọ́n, yóò sì jẹ bébà náà wọnú. Má kọ́ ọ síbi tí oòrùn ń yọ sí, pupa ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Tí ó bá ti gbó jù, àwọn oníṣẹ́ wà tó máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ kánfáàsì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín, sítáàṣì àlìkámà ni wọ́n sì fi ń ṣe é, torí omi lè tú u padà lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fẹ́ tún un ṣe. Sítáàṣì náà nìyẹn o, èyí tó jẹ tiwa tán lára ògiri.

Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ báyìí, láàárín páálí méjì. Ó ń wá férémù. Gbogbo èyí tó rí ní ṣọ́ọ̀bù, 27 sí 40 ni, pósítà tirẹ̀ sì fi íǹṣì kan gùn jù ú lọ. Ó bi mí bóyá òun lè rẹ́ etí funfun ìsàlẹ̀ yẹn díẹ̀. Mo ní kó gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀ ná, kó wá káfíńtà.