Fíltà ọkọ̀ kì í ṣe asẹ́ ògì

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Kétu ilẹ̀ Benin, tí eruku pupa bo ewé àti òrùlé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè dé ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà kí n má gbọ́: "Ẹ má ra òmíràn, ẹ jẹ́ ká fẹ́ ẹ, yóò di tuntun." Fíltà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ, bébà tó ń mú eruku kí afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ́ńjìnnì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì, mo gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi tí mo tẹ̀ lé. Ó ń dùn mí, torí owó fíltà là ń sá fún, owó ẹ́ńjìnnì là ń san nígbẹ̀yìn.

Pé eruku ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ẹnikẹ́ni kò jiyàn ìyẹn. Lítà epo bẹntiróò kan ṣoṣo nílò afẹ́fẹ́ tó tó 9,000 lítà kó tó jó tán, ẹni tó bá sì ti rin ọ̀nà erùpẹ̀ wa nínú oṣù kìíní mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà. Ohun tí fífẹ́ ń ṣe sí fíltà ni a kò fẹnu kò lé lórí.

Ẹ̀rí kan náà ni wọ́n máa ń mú wá: "Ṣé ẹ ò rí eruku tó jáde ni?" Mo rí i. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, níbì kan tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ọmọkùnrin kan fa ọ̀pá ẹ̀rọ táyà dé etí fíltà ẹ̀gbọ́n mi, eruku sì rú bí ẹ̀fin iná tútù. Ó gbé e fún wa tayọ̀tayọ̀: "Bàbá, ẹ wò ó." Bébà tó pọ́n bí amọ̀ ti funfun padà lóòótọ́. Ọmọ náà ò purọ́, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ.

Ọ̀nà tí a fi ń ronú nípa fíltà ló ń ṣì wá lọ́nà. A ní asẹ́ ni. Asẹ́ ògì la sì mọ̀: ihò rẹ̀ kéré, èèrí tóbi, èèrí á dúró sókè, omi ògì á ṣàn sísàlẹ̀. Bí a bá da èèrí nù tí a fi omi ṣan aṣọ, asẹ́ ti mọ́ nìyẹn. Bébà inú fíltà ò ṣiṣẹ́ báyẹn rárá. Igbó ni: fọ́nrán tín-ín-tín lórí fọ́nrán tín-ín-tín, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, àlàfo àárín wọn sì tóbi ju ọ̀pọ̀ eruku tí wọ́n ń mú lọ. Afẹ́fẹ́ ń ṣẹ́ kọ́nà láàárín wọn, eruku tó wúwo ò lè ṣẹ́ kọ́nà bẹ́ẹ̀, á kọ lu fọ́nrán, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Inú igbó yẹn ló ń dúró sí. Èyí tó rú jáde lọ́jọ́ náà, èyí tó wà lókè ni, tó pọ̀ tó ohun tí à ń fojú rí. Èyí tó ti wọ inú kò jáde.

Èyí tó wà lókè náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo pẹ́ kí n tó mọ èyí: fíltà tí wọ́n ti lò díẹ̀ ń mú eruku ju tuntun lọ. Eruku tó ti kó jọ ń dín àlàfo kù, ó ń bá bébà mú èyí tó kéré sí i. Bí a bá ń fẹ́ ẹ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ là ń lé lọ. Èyí tó kéré yẹn gan-an ló sì ń ṣe ẹ́ńjìnnì ní jàǹbá jù, èyí tí ìbú rẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 5 sí 20 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 70. Eruku kékeré yìí ń wọ ibi tí ọ́ìlì ti ń ya písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, sọ́tọ̀ kúrò lára ògiri rẹ̀, yanrìn inú rẹ̀ sì le ju irin ibẹ̀ lọ.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, mo gbé fíltà náà wọ yàrá tó ṣókùnkùn, mo tan iná fóònù sẹ́yìn rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ìṣẹ́po kan, ìmọ́lẹ̀ yọ lójú mẹ́ta, bí ojú abẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Mo wá tú ọ̀pá tó lọ láti àpótí fíltà sí ẹ́ńjìnnì, mo fi ìka nu inú rẹ̀. Ìka mi pọ́n. Ẹ̀yìn fíltà nìyẹn o, ibi tí eruku ò yẹ kó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ òun máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ́ ẹ. Mo gbà á gbọ́. Ibi tó ya, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ láìsí ìdíwọ́, ẹ́ńjìnnì ń mí dáadáa, eruku ń bá a wọlé. Kò sí iná ìkìlọ̀ tó máa tàn, epo pàápàá ò ní sọ fún wa. Ní 2009, ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà fi fíltà tó ti dí dán ọkọ̀ òde òní wò: epo tí wọ́n ń jẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, torí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń wọn epo mọ́ iye afẹ́fẹ́ tó bá wọlé. Bí ọkọ̀ ṣe ń yára mú eré ló dín kù. Nítorí náà, ẹni tó ń fi iye kpayo, bẹntiróò ẹ̀bá títì, tó ń rà mọ̀ bóyá fíltà òun dára, kò lè mọ nǹkan kan. Ohun tó máa rí ń bọ̀ lẹ́yìn: ọ́ìlì á máa dín, èéfín búlúù á máa jáde, kò sì ní sẹ́ni tó máa rántí ọ̀pá ẹ̀rọ táyà.

Ìgbàgbọ́ yìí ní ibi tó ti wá. Fíltà fóòmù inú ọ̀pọ̀ alùpùpù ṣeé fọ̀, a ó sá a gbẹ, a ó fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Mọ́tò ìjàpá àtijọ́ ní abọ́ ọ́ìlì tó ń mú eruku, wọ́n ń dà á nù, wọ́n ń fọ abọ́ náà. Àwọn bàbá wa ò ṣe àṣìṣe. Bébà ló dé, a kò yí ìṣe padà.

Mi ò wá sọ pé gbogbo fíltà tí wọ́n bá ti fẹ́ ló ti ya. Àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń la ọ̀nà gbà kí wọ́n fẹ́ tiwọn, láti inú síta, pẹ̀lú agbára afẹ́fẹ́ tí kò ju bíi bar 2 lọ (bar ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), kí wọ́n sì fi iná yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ táyà ń ju ìyẹn lọ fíìfíì. Bí ẹ bá wà lóko tí kò sí ìsọ̀ nítòsí, ẹ rọra gbọ̀n ọ́n mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ fi délé. Ó sì ṣeé ṣe kí ọkọ̀ ẹlòmíràn pẹ́ láìṣe nǹkan kan, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà ló ń rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo tàbí ọṣẹ fọ fíltà bébà. Ẹ má sì wakọ̀ láìní fíltà pé ẹ ń dúró de èyí tó ń bọ̀ láti Kútọnù. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀ nílé, aṣọ tó rin díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nu inú àpótí rẹ̀, kí òkúta má baà já sínú ọ̀pá. Ẹ fi ìka yí rọ́bà etí rẹ̀ ká kẹ́ ẹ tó dè é, torí ibi tí kò bá jókòó dáadáa, ihò ni. Fíltà kejì, èyí tó sábà máa ń wà lẹ́yìn àpótí ìwé níwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀, ti ẹ̀dọ̀fóró wa ni, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ ìyẹn tó rò pé òun ti parí iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ra tuntun. Ó fẹ́ tọ́jú àtijọ́ sí búùtù, bóyá yóò wúlò fún ẹnìkan. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọ̀bẹ là á sí méjì.