Orúkọ tí wọ́n fi pa á mọ́: kí ni dátábéèsì ìwádìí?

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi wá ìwé kiri lórí fóònù kó tó wọ ilé-ìkàwé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irú ni pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé, irú tí a fi ń se ọbẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa bí wọ́n ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi kan. Ó ní, "Ẹ káàsán mà. Mo ti tẹ 'iru' títí, mi ò rí nǹkan gidi."

Mo gba fóònù náà wò. Láìsí àmì ohùn, irú inú ọbẹ̀, irú tó túmọ̀ sí oríṣi, àti ìrù ẹran, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lójú ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò akẹ́rù kan tó fi ìlú Geneva ṣe ibùjókòó tún wà tó ń jẹ́ IRU. Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ. Ibi tó ti ń wá a ni kò yẹ, orúkọ tó sì fi ń pè é kọ́ ni wọ́n fi pa á mọ́.

Àwa tí a dàgbà sí ilé-ìkàwé mọ àpótí onígi tó ní dúrọ́ọ̀ kéékèèké, tí káàdì kún inú wọn. Ìwé kan lè ní káàdì mẹ́ta: ọ̀kan fún orúkọ òǹkọ̀wé, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún kókó tí ìwé náà dá lé. Dátábéèsì ìwádìí ni àpótí yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn jáde nínú rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. PubMed, tó jẹ́ ti ìmọ̀ ìlera, ní káàdì tó ju mílíọ̀nù 35 lọ. Ilé-ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé láti 1997.

Tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti kà wọ́n sílẹ̀ tipẹ́, ó ti to àwọn ọ̀rọ̀ inú wọn, ó sì ti kọ nọ́ńbà àpilẹ̀kọ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi ti atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Ìdí nìyẹn tí èsì fi ń yára jáde. Ìdí kan náà ló fà á tó fi jẹ́ pé bí orúkọ tí ẹ pè kò bá sí nínú atọ́ka, ẹ óò pòfo, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ ń wá sì wà níbẹ̀.

Kí ni orúkọ irú, nígbà náà? Igi igbá ló ń so èso rẹ̀, Parkia biglobosa sì ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe igi náà. Àwọn Hausa ń pe irú ní dawadawa. Soumbala ni wọ́n ń pè é ní Burkina Faso àti Mali. Ẹni tó bá tẹ "iru" nìkan ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ṣe. Mo ní kó fi àmì àyọlò sí iwájú àti ẹ̀yìn Parkia biglobosa, kí ẹ̀rọ má baà pín orúkọ náà sí méjì. Lẹ́yìn náà, ó tẹ iru OR dawadawa OR soumbala, ó wá fi AND so ó mọ́ fermentation, ìyẹn kíkan tó ń wá.

Ibi AND àti OR yìí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Àwọn èèyàn rò pé AND ń fi kún èsì, bí ìgbà tí a bá bu omi kún ọbẹ̀. Ó ń dín in kù ni, torí pé àpilẹ̀kọ tó bá ní ọ̀rọ̀ méjèèjì nìkan ló máa jáde. OR ló ń fẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ńlá ni kí ẹ sì fi kọ wọ́n.

PubMed tún ní ìrànlọ́wọ́ kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Láti 1960 ni wọ́n ti ń to orúkọ kókó tí wọ́n fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní MeSH. Tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bá tẹ high blood pressure fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ á mọ̀ pé hypertension ni káàdì rẹ̀ ń jẹ́, á sì wá èyí náà fún un. Kì í ṣe gbogbo dátábéèsì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa, AJOL ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1998 fún àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, South Africa ló sì fi ṣe ibùjókòó báyìí. JSTOR dára fún ìtàn àti àṣà. William Bowen ló dá ìyẹn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995. Kì í ṣe Bowen tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀, míṣọ́nnárì Baptist tó wá síbí ní 1855.

Owó ló wá kù. Ẹ lè rí àṣamọ̀, àkópọ̀ kúkúrú tó máa ń wà lókè àpilẹ̀kọ, kí wọ́n wá ní kí ẹ san 30 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó. Ẹ fi àkọlé rẹ̀ wá a lórí Google Scholar, ẹ̀ka Google tó ń wá ìwé àwọn onímọ̀, bóyá òǹkọ̀wé ti gbé e síbòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Tí kò bá sí, ẹ kọ ímeèlì sí òǹkọ̀wé. Inú ọ̀pọ̀ wọn máa ń dùn láti fi ránṣẹ́. Research4Life, ètò tó ń jẹ́ kí èèyàn rí jọ́nà kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú, náà wà fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ apá ti ìlera, Hinari, ní 2002, FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ ti iṣẹ́ àgbẹ̀, AGORA, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn tàbí ilé-ìkàwé ló ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ yín.

Ọmọ náà padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ti ka ìwé nípa Bacillus subtilis, kòkòrò àìfojúrí tó ń mú irú kan, ó sì ti ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tó ń ṣe irú tà. Ìyá ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n kọ nǹkan nípa ewé tí òun fi ń bò ó? Ọmọ mú ewé náà dání wá. A jọ jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ rẹ̀.