Ẹ Má Fi Ojú Kùkùté Ta Oko Tíìkì

Ẹ̀yin tí ẹ gbin tíìkì láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ ti dá mi lágara. Kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹnìkan kì í pè mí pé onígẹdú gé igi kan wò nínú oko òun, ó ní òrùka ẹ̀bá èèpo, ìyẹn ìlà tó yí inú igi ká, ti fún, igi ti gbó, kò sanra mọ́, àfi kí òun yáa tà á. Ta ló kọ́ onígẹdú ní ìṣirò?

Tíìkì ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, ihò omi ńláńlá ló kọ́kọ́ ń ṣe sínú ara rẹ̀, òun ni ìlà tí ẹ̀ ń rí. Ọdún kan, òrùka tòótọ́ kan. Ó tán.

Ibi tí wọ́n ń gbà rẹ́ yín jẹ nìyí: òrùka tó wà lóde, igi tó tóbi ló ń yí ká. Ká ní láti àárín igi dé etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, tó di 6 láàárín ọdún kan. Ara tuntun tí igi fi kún tó hàn lójú kùkùté jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 35. Nígbà tí igi kan náà bá kúrò ní 12 tó dé 12.6, òrùka yẹn ò ju mílímítà 6 lọ, èékánná lè bò ó, síbẹ̀ ara tuntun inú rẹ̀ lé ní 46. Èwo ló pọ̀ jù? Gíga igi ò tíì sí nínú rẹ̀ o! Òrùka lè tín-ín-rín kí igi tó fi kún ara sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá.

Èmi kì í gé igi. Irin oníhò ni mò ń fi ọwọ́ yí wọnú rẹ̀ ní mítà 1.3 sókè ilẹ̀, torí ìdí tíìkì máa ń rí gbágungbàgun. Ohun tí mo fà jáde kò nípọn tó pẹ́ńsùlù. Màá jẹ́ kó gbẹ, màá fi sáńpépà ha á títí ihò omi yóò fi hàn ketekete. Apá méjì ni mò ń lu, igi kì í sanra dọ́gba yíká. Ìbú òrùka ló ń sọ bí igi ti tóbi tó lọ́dọọdún. Ìṣirò tí a ti fi àwọn igi tí a gé tí a sì wọ̀n ṣe ló ń sọ ọ́ di kìlógíráàmù. Káábọ̀nù, èròjà tí igi ń fà látinú afẹ́fẹ́ tí àwọn kan ń sanwó fún, sún mọ́ ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ. Ẹni tó bá ya oko yín ní fọ́tò lásán, tó ní òun ti mọ iye káábọ̀nù tẹ́ ẹ lè tà, ẹ bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n.

Àwọn kan tún ń fi àdá ṣá igi kó lè sanra. Ojú ọgbẹ́ ló wú, ẹ̀yin èèyàn mi!

Opó kan lágbègbè Òmù-Àrán ló mú mi kọ èyí. Onígẹdú ka òrùka mọ́kànlélógún lórí kùkùté, ó ní, "Màmá, igi yín ti dáwọ́ dúró." Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gbin oko náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra WAEC ni. Bí òjò bá dá tó tún padà, igi lè fa ìlà èké, ìlà èké kì í sì í sábà yí igi ká tán. Ọkùnrin yìí kà á mọ́ ọdún. Lóòótọ́ òrùka náà fún lójijì láti ọdún keje, ṣùgbọ́n mítà 2 sí mítà 2 ni wọ́n gbìn ín, igi 2,500 lórí hẹ́kítà kan, ẹnikẹ́ni ò sì dín in kù rí. Àyè ló há. Owó òpó ni màmá gbà lórí igi tí ì bá di pákó.

Àwọn kùkùté náà ti ń hù. Mo ní kó dá ọ̀mùnú kan tó le jù sí lórí kọ̀ọ̀kan, kó gé ìyókù, kó sì ro ẹ̀bá oko yíká kí iná ìgbẹ́ ìgbà ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.