Mule deer oníwo ńlá: igbó tó jìnnà jù kọ́ ló ń gbé

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ ti ń bá wọn ṣọdẹ ní Colorado, Utah, Wyoming, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn láàárín wa, èmi gan-an gbà á gbọ́ fún ọdún 3 gbáko: pé ẹni tó bá fẹ́ mule deer (ẹran igbó ibẹ̀ tó jọ àgbọ̀nrín wa) oníwo ńlá, àfi kó rin igbó títí, kó kọjá ibi tẹ́sẹ̀ èèyàn ń dé, pé bó bá ṣe jìnnà sí títì tó náà ni ìwo ẹ̀ ṣe máa tóbi tó. Irọ́ ni o, ó sì ń náni lówó.

Mo mọ ibi tí mo ti mú un wá. Ọdẹ ni bàbá mi, lápá Òkè-Ògùn, àti kékeré la ti ń gbọ́ lẹ́nu wọn pé ẹran gidi ò sí lẹ́yìnkùlé, pé òkété àti ọ̀yà ló wà nítòsí, ẹni tó bá fẹ́ àgbọ̀nrín á lọ sùn sígbó. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn, torí igbó ìtòsí nílé ti doko, ọdẹ ti ro ibẹ̀ mọ́ féfé. Àṣìṣe tèmi ni pé mo gbé e dé Colorado bó ṣe wà. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ru àgọ́, oúnjẹ àti omi, a rin máìlì 9 gun òkè, a sun ọjọ́ 4 nínú òtútù ìparí Ọ̀kitóbà, abo mẹ́ta péré la rí àti akọ kékeré kan tí ìwo ẹ̀ ò gùn ju ọwọ́ lọ. Lọ́jọ́ tá à ń padà bọ̀, a ti wọ mọ́tò, a ò tíì wà á tó ìdajì máìlì, la bá rí akọ kan tí ìwo ẹ̀ fẹ̀ yọ kọjá etí méjèèjì, ó dúró sínú igbó ṣúúrú lẹ́yìn pápá koríko àgbẹ̀ kan, ó ń wò wá. Ilẹ̀ onílẹ̀ ló dúró sí, a ò lè ṣe nǹkan kan.

Ó dùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà ọdẹ ibẹ̀ léèrè, mo sì ń kà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwo fúnra ẹ̀. Àgbọ̀nrín ilé wa, ìwo tó bá ti hù lórí ẹ̀, òun náà ló máa gbé dọjọ́ ikú. Ti mule deer yàtọ̀ (etí ẹ̀ tó gùn bíi ti ìbaaka ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ). Ọdọọdún ni ìwo akọ ẹ̀ ń já bọ́, láàárín Jánúárì sí Máàṣì, tí ewé bá tún ti ń rú á bẹ̀rẹ̀ sí í hu òmíì, awọ onírun múlọ́múlọ́ á bò ó, tó bá fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà awọ yẹn á ti bó, ìwo á ti le. Oṣù díẹ̀ ló fi ń hu gbogbo ẹ̀, torí náà ohun tó jẹ lásìkò ewé tuntun ló ń hàn lórí ẹ̀, ọdún tí òjò bá kọ̀ tí koríko gbẹ, akọ kan náà lórí òkè kan náà, ìwo ẹ̀ lè kéré sí ti èṣín. Ọjọ́ orí ló wá ju gbogbo ẹ̀ lọ. Akọ tó ṣì wà lọ́mọ ọdún 2 tàbí 3, oúnjẹ tó ń jẹ, ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń kọ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló ń lọ sórí. Láti bí ọdún 5 sí 8 ni ìwo ẹ̀ máa ń tóbi jù.

Nítorí náà oníwo ńlá, àgbà ni. Ẹni tó ń wá a, ohun tó yẹ kó máa bi ara ẹ̀ ni pé níbo ni wọ́n ti jẹ́ kí akọ pẹ́ láyé.

Láti 1999, kò sí ibì kankan ní Colorado tẹ́ ẹ ti lè kàn ra láísẹ́ǹsì deer bí ẹni ra búrẹ́dì, àfi kẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n ṣẹ́ kèké bíi lọ́tìrì, iye láísẹ́ǹsì tí wọ́n sì ń fún unit kọ̀ọ̀kan (ìyẹn àgbègbè tí wọ́n pín ilẹ̀ ìṣọdẹ sí) yàtọ̀ síra. Utah náà ń ka iye akọ tó wà sí abo 100. Àwọn unit tó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, akọ 15 sí 20 ni wọ́n ń lépa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní Henry Mountains àti Paunsaugunt, ó ju 40 lọ, torí ọdẹ tí wọ́n ń jẹ́ kó wọbẹ̀ ò tó nǹkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí létí jù ni Arizona Strip, ìhà àríwá Grand Canyon. Ọ̀nà eléruku tí mọ́tò ń gbà kún ibẹ̀ lọ jàra, ọdẹ lè jókòó sítòsí mọ́tò ẹ̀ kó máa ṣọ́ ibi omi, síbẹ̀ ibẹ̀ wà lára ibi tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ akọ oníwo rẹpẹtẹ. Tó bá jẹ́ jíjìnnà sí ọ̀nà ló ń hu ìwo, kí ló dé ibẹ̀ yẹn? Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kan ti ń kó póìǹtì jọ (èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí kèké ò mú) ju ogún ọdún lọ tí wọn ò tíì rí láísẹ́ǹsì gbà, torí náà ẹ má fi gbogbo ìrètí yín síbẹ̀.

Àwọn míì á ní àwọn ò rìn jìnnà, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ìwo tó tóbi jù làwọn ń wò. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1887 ló ń kọ ọ́, akọ tí ìwo ẹ̀ tó gún régé bá fi máa wọ ìwé ńlá wọn, máàkì tí wọ́n ṣírò látinú ìwọ̀n ìwo ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 190. Èyí tó ga jù nínú wọn, 226 àti ìdajì, Doug Burris Jr. ló pa á ní Dolores County, Colorado, ní 1972. Èyí tí ìwo ẹ̀ yà gátagàta tó ga jù, Ed Broder ló pa á ní Alberta, Kánádà, ní 1926. Èèyàn á wá ka èyí tán, á gbéra, ó di Dolores County! Àgbọ̀nrín èṣín lẹ ń jẹ lọ́bẹ̀ yẹn. Igbó tó bọ́ ẹran ìgbà náà, iye ọdẹ ìgbà náà, òtútù ìgbà náà, gbogbo ẹ̀ ti yí padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ìwé yẹn, èyí tó wọlé láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò rárá ni yìnyín, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ síbí. Ìgbà òtútù 2022 wọ 2023 lápá ìwọ̀ oòrùn Wyoming, yìnyín ga, ó tún dì gbagidi, ẹran ò rí ewé fà jẹ mọ́, ebi ló pa wọ́n. Nínú àwọn tí àwọn oníwádìí so kọ́là tó ń sọ ibi tí wọ́n wà mọ́ lọ́rùn ní Wyoming Range, ọmọ ọdún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹyọ kan, àwọn abo tó ti dàgbà gan-an, èyí tó kú lé dáadáa ní ìdajì. Ìjọba ibẹ̀ dín láísẹ́ǹsì kù. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí ní Júùnù 2022, ọdún 2027 ni ì bá pé ọdún 5, ìgbà yẹn gan-an ni ìwo ẹ̀ ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan. Kò sí mọ́. Àfo ti wà láàárín àwọn akọ ibẹ̀, ẹni tó bá sì gba láísẹ́ǹsì lọ síbẹ̀ lọ́dún yẹn, àwọn ọmọdé ló máa pọ̀ jù níwájú ẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi ń kọ orúkọ unit kankan sórí fọ́ọ̀mù láìwo bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí láti ọdún 5 sí 7 sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé òtútù rọ̀ fọ́dún méjì mẹ́ta tẹ̀ léra nígbà yẹn, tí òjò sì rọ̀ dáadáa lẹ́yìn náà, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ẹran yìí kì í tún jókòó sójú kan. Ní 2014 ni Hall Sawyer àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí fi hàn pé àwọn mule deer kan wà ní Wyoming tó ń rìn láti Red Desert dé Hoback, máìlì 150 ní àlọ nìkan, wọ́n ń tẹ̀ lé ewé tútù bó ṣe ń rú lọ sókè, tí òtútù bá dé wọ́n á tún gba ọ̀nà kan náà wálẹ̀. Akọ tẹ́ ẹ rí ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Dìsẹ́ńbà lè wà ní ibi tó tó ìrìn àjò wákàtí méjì nínú mọ́tò lásìkò ìṣọdẹ Sẹ̀tẹ́ńbà. Ibí ni òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú ìgbàgbọ́ yẹn wà: ní ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà, akọ ńlá wà lókè téńté lóòótọ́, níbi tí igi ò ti hù mọ́, ẹni tó bá rìn débẹ̀ ò ṣe é lásán. Tó bá di Ọ̀kitóbà wọ́n á ti kó sínú igi, Nòfẹ́ńbà tí wọ́n ń gun abo, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ibi tí wọ́n ti kó kúrò la lọ sùn sí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Texas lọ Wyoming, ẹ rántí pé ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ ò lè dá ṣọdẹ ẹran ńlá nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wilderness (igbó ìjọba tí mọ́tò ò gbọ́dọ̀ wọ̀), àfi pẹ̀lú gáìdì tàbí onílé ibẹ̀.)

Ní báyìí, mo ń wá ibi tí àwọn yòókù ń sáré kọjá: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kékeré tó dà bíi pé kò lè gba ẹran, ilẹ̀ ìjọba tó wà láàárín oko olóko méjì, ibi tí iná ti jó lọ́dún bíi mẹ́wàá sẹ́yìn tí ewé tuntun ti bò. Ọjọ́ tí mo rí tèmi, ibi tí mo jókòó sí mò ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lórí títì. Oòrùn wà lẹ́yìn mi, mo gbé bainọ́kúlà sójú fún nǹkan bíi wákàtí méjì, etí kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ rí tó mì. Orí ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò CWD, àrùn tó ń jẹ ọpọlọ ẹran yìí, torí akọ àgbà ló sábà máa ń kó o jù, ẹran náà ò wọ ìkòkò títí èsì fi dé. Mo fi eyín ẹ̀ kan ránṣẹ́ sí lábù kí wọ́n bá mi ka ọjọ́ orí ẹ̀. Ọdún 6.