Abẹ́ ikùn ni bẹ́líìtì ń gbà, ẹ̀yin aboyún

"Nọ́ọ̀sì, ṣé bẹ́líìtì ọkọ̀ kò ní fún ọmọ inú mi?" Àwọn aboyún máa ń bi mí bẹ́ẹ̀ ní kílíníìkì. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ bèèrè, wọ́n á kàn pa á tì bí ikùn bá ti yọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, nítorí pé ààbò ọmọ ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Yàtọ̀ sí kí ìyá fúnra rẹ̀ kú, ohun tó máa ń pa ọmọ inú jù nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ni kí ibi ọmọ ṣí kúrò lára ilé-ọmọ. Ilé-ọmọ máa ń fà bíi rọ́bà, ibi ọmọ kì í fà. Bí ìyá bá fi ikùn gbá sítíárìn tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù, ilé-ọmọ á fún pọ̀ lójijì, ibi ọmọ ò ní lè bá a lọ, á sì ya. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni èémí àti oúnjẹ ọmọ ti ń wá. Bẹ́líìtì ló ń di ìyá mú kó má baà fi ikùn gbá nǹkan.

Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń dè é. Okùn ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ gba orí ikùn rárá. Ẹ fi ọwọ́ gbé ikùn sókè díẹ̀, kí ẹ fi okùn náà sí abẹ́ rẹ̀, kó lẹ̀ mọ́ egungun ìbàdí níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Egungun yẹn ló lè gba agbára ìkọlù. Okùn òkè á gba èjìká, á kọjá láàárín ọyàn méjèèjì, á sì gba ẹ̀gbẹ́ ikùn lọ. Ẹ má fi í sí abẹ́ apá, ẹ má jù ú sẹ́yìn. Ẹ fà á kó má dẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń wakọ̀, ẹ ti àga sẹ́yìn títí àlàfo àyà yín sí sítíárìn á fi tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ẹsẹ̀ sì ṣì tó bíréèkì. Àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u. Òun àti bẹ́líìtì ló jọ ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ dáńfó ni kò ní bẹ́líìtì lẹ́yìn. Ẹ wá ọkọ̀ tó ní in, kódà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ lé. Ọ̀kadà ní tiẹ̀, bí ọ̀nà mìíràn bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá kọlù yín, tí ẹ ò rí ọgbẹ́ kankan, ẹ má tìtorí ìyẹn gba ilé lọ. Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ibi ọmọ lè ya kí ẹ̀jẹ̀ má jáde síta. Bí oyún bá ti tó ogún ọ̀sẹ̀, ó kéré tán wákàtí 4 ló yẹ kí wọ́n fi máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Bí ẹ bá padà délé, tí ikùn ń le, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń dà, tàbí tí ọmọ ò mira bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ padà lọ kíá, ì báà jẹ́ òru. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sọ pé irú ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́ nẹ́gétíìfù (bíi O nẹ́gétíìfù tàbí A nẹ́gétíìfù), kó sọ fún wọn. Abẹ́rẹ́ anti-D, tí kì í jẹ́ kí ara ìyá máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, wà tó yẹ kó gbà láàárín wákàtí 72.

Nọ́ńbà FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ni 122. Kí wọ́n tó dé, bí ọrùn àti ẹ̀yìn kò bá dun ìyá, kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ikùn má baà tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó lọ sí ọkàn.