Níbo Ni Iṣẹ́ Agbá-nẹ́tíbọ́ọ̀lù Ti Ṣẹ̀ Wá?

Àwọn tí ń sọ ìtàn nẹ́tíbọ́ọ̀lù, eré tí àwọn obìnrin sábà máa ń gbá, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú òrùka tó wà lókè, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Springfield ní Amẹ́ríkà, níbi tí James Naismith ti fi apẹ̀rẹ̀ èso dá básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1891. Òótọ́ ni pé láti ara eré yẹn ni nẹ́tíbọ́ọ̀lù ti yọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ náà ni à ń wá, ìyẹn bí obìnrin ṣe di ẹni tí ń jẹun nídìí nẹ́tíbọ́ọ̀lù, Naismith kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó ṣe eré tirẹ̀ fún. Martina Bergman-Österberg ni, ní tèmi, ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Sweden ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1849. Ó kọ́ ìlànà eré ìdárayá tí Per Henrik Ling, ọmọ Sweden, dá sílẹ̀ ní Stockholm, ó sì dé London ní ọdún 1881 láti bójú tó eré ìdárayá àwọn ọmọbìnrin ní àwọn ilé-ìwé ìjọba ìlú náà. Ní ọdún 1885 ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Hampstead, kí àwọn ọmọbìnrin lè kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì jáde di olùkọ́ tí ń gba owó oṣù. Kí a má fojú kéré ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí, nítorí láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin ilé ọlọ́lá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ṣiṣẹ́ owó.

Ní ọdún 1893, àlejò kan láti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Dókítà Toles fi eré básíkẹ́tì han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń da bébà ìdọ̀tí sí ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri yàrá eré. Mo gbàgbọ́ pé nínú yàrá yẹn ni nẹ́tíbọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwà tirẹ̀: ààyè kò fẹ̀, yẹ̀rì gígùn sì ń dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọbìnrin náà ti rí i pé kí ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró, kí ó sì jù ú sí ẹnìkejì kíákíá, sàn ju kí ó máa lù ú mọ́lẹ̀ lọ. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kan, Mary Tait, ṣe aṣọ aláìlápá tí wọ́n ń wọ̀ lé bùláòsì; ẹni tí ó bá mọ pináfọ̀ àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wa ti rí irú rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kó lọ sí Dartford ní Kent ní ọdún 1895. Ní ọdún 1897, àlejò mìíràn láti Amẹ́ríkà kọ́ wọn láti lo òrùka irin dípò apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan yóò ní Senda Berenson, olùkọ́ ní Smith College, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ pín pápá bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù ni tirẹ̀ jẹ́ títí dópin.

Àwọn ọmọ Dartford ni wọ́n gbé eré náà jáde. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1899, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ling sọ, ni ó tẹ òfin nẹ́tíbọ́ọ̀lù jáde ní ọdún 1901. Rhoda Anstey dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1897, Margaret Stansfeld sì dá ti Bedford ní ọdún 1903. Láti ọwọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíbọ́ọ̀lù fi dé àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni mo kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí nẹ́tíbọ́ọ̀lù bọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó olùkọ́ ni wọ́n ń pè é.

Èyí tí ó kù kò ṣòro láti sọ. Àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò lórí òfin kan ní Ceylon (Sri Lanka òde òní) ní ọdún 1960, ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ sì wáyé ní Eastbourne, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1963. Irene van Dyk, tí ó kúrò ní South Africa lọ sí New Zealand ní ọdún 2000, fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ọ̀gá nínú jíju góòlù, síbẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ni òun náà kọ́. Líìgì àjùmọ̀ṣe Australia àti New Zealand bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008. Super Netball ti Australia rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2017, àwọn àjèjì bíi Mwai Kumwenda ti Malawi sì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ní ọdún 2016 ni England bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ láti fi nẹ́tíbọ́ọ̀lù nìkan ṣiṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, lábẹ́ Ama Agbeze, balógun ikọ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, wọ́n fi góòlù 52 sí 51 borí Australia, wọ́n sì gba wúrà ìdíje Commonwealth. Ní ọdún 2023, nígbà tí England dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Cape Town fún ìgbà àkọ́kọ́, Funmi Fadoju ti ẹgbẹ́ nẹ́tíbọ́ọ̀lù London Pulse, ọmọ tí ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, wà nínú ikọ̀ náà.