Ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹbí nìkan ló bá aláìsàn mu?

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olólùfẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù l'Ábẹ́òkúta ti mọ ara wa. Ẹnì kan á ya àwòrán Mercedes 911 tó gbé òkúta wẹ́wẹ́ kọjá ní Láfẹ́nwá, ẹlòmíràn á ní ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ kì í ṣe èyí tó bá a wá, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú kí ẹnikẹ́ni tó gbà fún ẹnìkejì. Àwọn ará ilé wa máa ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n bí àìsàn ńlá bá dá ọ̀kan nínú wa dùbúlẹ̀, tí dókítà ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀, irú àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọjú. Ibẹ̀ náà ni àwọn àgbà ilé ti máa ń dáhùn pé: "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ wa, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹbí là ń wá." Wọ́n á dá géńdé mẹ́wàá padà, wọ́n á wá máa pe àbúrò tó wà ní Kánò.

Ẹ̀jẹ̀ ò mọ alájọbí. Láti ọdún 1901 ni Karl Landsteiner, dókítà ọmọ ilẹ̀ Austria, ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ìsọ̀rí. A, B, AB àti O là ń pè wọ́n lónìí. Rh, àmì mìíràn tó lè wà lára ẹ̀jẹ̀ tàbí kó má sí, wá kún un lẹ́yìn náà. Ìsọ̀rí yìí ni wọ́n ń wò. Bàbá tó jẹ́ A àti ìyá tó jẹ́ B lè bí ọmọ tó jẹ́ O. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ bàbá tàbí ti ìyá sí ọmọ náà lára, ara rẹ̀ á gbógun tì í, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ. Awakọ̀ típà kan láti Ìbarà tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ O, tí kò bá wọn tan rárá, lè gba ọmọ yẹn là, bí Rh wọn bá ti bára mu. O ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín wa.

Mo rò pé àṣà ilé ìwòsàn wà lára ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí rinlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ mú ènìyàn wá. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n bá mú jáde ní bánkì ẹ̀jẹ̀. Kò di dandan kí ìsọ̀rí ẹni tó wá bá ti aláìsàn mu, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sára ẹlòmíràn pátápátá. Inú bánkì ni wọ́n ti ń ṣa èyí tó bá aláìsàn mu, wọ́n á sì tún da díẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aláìsàn wò kí wọ́n tó fà á sí i lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé, òun ni kò sì sí lẹ́nu àwọn àgbà: nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ẹbí gan-an ló léwu. Sẹ́ẹ̀lì funfun, èyí tó ń bá àìsàn jà, wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń fúnni. Bó bá jẹ́ ti àlejò, ara aláìsàn á dá a mọ̀, á sì pa á. Bó bá jẹ́ ti bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá ẹni, ó lè jọ ti aláìsàn débi pé ara rẹ̀ á gbà á sílé bí ará ilé. Sẹ́ẹ̀lì ìbátan náà á wá kọjú ìjà sí awọ ara, ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn egungun aláìsàn. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ bó bá ṣẹlẹ̀, ekukáká ni ènìyàn fi ń yè é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sí ẹ̀jẹ̀ ìbátan níbi tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá wà. Ẹni tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá jà, tó ṣeé ṣe kó gba mùdùnmúdùn egungun ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ lọ́la, kò yẹ kó máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn lónìí, torí ara rẹ̀ lè ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ní ti mùdùnmúdùn egungun yìí àti kíndìnrín, lóòótọ́ ni pé ìbátan ṣe pàtàkì. Bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o pọ̀ mọ́ ti ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ orí fóònù bá dé ilé ìwòsàn ní Ìdí-Abà tàbí Lántòrò láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọlé. Kó ṣáà ti jẹ́ ẹni ọdún 18 sí 65 tí ara rẹ̀ le. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV, mẹ́dọ̀wú B àti C, àti sífílíìsì. Nǹkan bíi mílílítà 450 ni wọ́n ń gbà, nínú lítà márùn-ún tó wà lára àgbàlagbà. Ẹ má fi ìtìjú ti ẹnikẹ́ni wá o. Ẹni tí wọ́n fipá mú lè fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Awakọ̀ tírélà ní tirẹ̀, ọjọ́ tí kò ní wakọ̀ ni kó yàn.

Kí gbogbo yín má sì jọ lọ lọ́jọ́ kan náà. Nínú fíríìjì, ẹ̀jẹ̀ lè lo nǹkan bí ọjọ́ 35, àmọ́ apá tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ sábà máa ń nílò, kì í ju bí ọjọ́ 5 lọ. Ọkùnrin tó bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ á dúró fún oṣù mẹ́ta kó tó tún ṣe é, obìnrin á dúró fún mẹ́rin. Ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bánkì ẹ̀jẹ̀ ìgbà tí ọ̀wọ́ kejì máa wá.